Ajá Tí Ṣéènì Wà Lọ́rùn Rẹ̀ Kò Lè Sá Fún Oyin

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi nínú dáńfó, ẹ kú gòsíló. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kà á lórí fóònù nítorí pé détà ti wọ́n, a mọ̀ yín, torí tiyín la ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní ti wà lọ́kàn mi fún bí oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ ajá ni, pẹ̀lú oyin àti agbọ́n. Bí kòkòrò wọ̀nyí bá ta ajá rẹ, kí ló yẹ kó o ṣe? Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe? Ẹ jẹ́ kí n tètè là á o: agbọ́n ni mo wí, kòkòrò tí ìbàdí rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. N kò sọ̀rọ̀ àgbọn tí à ń jẹ, n kò sọ̀rọ̀ agbọ̀n tí à ń kó ẹrù sí, n kò sì sọ̀rọ̀ àgbọ̀n tó wà lábẹ́ ẹnu. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo àmì orí rẹ̀ dáadáa.

Ìtàn méjì ni mo mú wá. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó sì parí sí ẹ̀rín. Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú níbi tí mò ń gbé báyìí. Ìyẹn kò parí sí ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Ìlú ìyá mi ni. Nígbà tí mo ṣe tán ní yunifásítì, tí mò ń dúró de ìwé àgùnbánirọ̀, mo lo bí oṣù méjì lọ́dọ̀ màmá àgbà, nínú ilé tí kò jìnnà sí ọ̀sà. Màmá àgbà ní ajá kan tó ń jẹ́ Bingo. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá dúró láàárín ọjà tó pe Bingo, ajá mẹ́wàá ló máa yíjú padà.

Àwọn agbọ́n kan kọ́ ìtẹ́ sábẹ́ páànù ilé ìdáná. Ẹ mọ ìtẹ́ wọn, ó máa ń dà bí páálí tí wọ́n lu ihò sí lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fò wálẹ̀, Bingo sì fi ẹnu hán an bó ṣe máa ń hán eṣinṣin. Igbe tó ké ló mú gbogbo wa jáde. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ètè rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tó já sínú omi, ojú rẹ̀ kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Màmá àgbà ní ká gbé epo pupa wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kẹrosíìnì ló ń pa oró. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo ti ń já paracetamol kúrò nínú páálí rẹ̀. Bí a ṣe di dókítà mẹ́ta lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹnì kan tó kọ́ ọ níléèwé nínú wa.

Ohun tó gba Bingo ni pé mo kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ mi kan tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ẹranko. Kò tiẹ̀ kí mi tán tó fi bi mí léèrè mẹ́ta. Ṣé ó ń mí dáadáa? Ṣé ó ń bì tàbí ó ń ṣu omi? Ṣé ètè nìkan ló wú, àbí ahọ́n àti ọ̀fun rẹ̀ náà ń wú? Mo wò ó, mo ní ó ń mí, kò bì, ètè àti ìpéǹpéjú nìkan ló wú. Ó ní, “Ó dáa. Wá gbé paracetamol yẹn sílẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣàṣìṣe. Oògùn tó tu èèyàn lára lè pa ajá. Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ ajá àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ibuprofen lè lu inú rẹ̀ ní egbò, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn oníṣúgà tí à ń rà ní kẹ́místì sì ní paracetamol nínú, pa pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan mìíràn tí ajá kò lè gbà. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà máa ń lo irú oògùn tó ń gbógun ti ara yíyún fún ajá, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ń lò dá lórí bí ajá náà ṣe wúwo tó. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó fún un. Ẹ má fojú díwọ̀n.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Ó máa ń bó ajá lára, ajá á sì lá a, á wọ inú rẹ̀. Bó bá wá gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìṣòro tuntun nìyẹn. Ní ti epo pupa màmá àgbà, kì í ṣe májèlé. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀ ni pé abẹ́ awọ ni oró wà, orí irun lépo ń dúró sí. Nígbà tí a bá sì ń pa epo, a máa ń rò pé a ti tọ́jú ajá, a ò ní wò ó mọ́.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ní ká ṣe kò ná wa ju owó píọ̀ wọ́tà lọ. Ó ní ká tú okùn ọrùn Bingo, torí bí ìwúsí náà bá dé ọrùn, okùn lè fún un. Ó ní ká mú píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, ká wé e sínú aṣọ ìnura, ká gbé e lé ibi tó wú fún ìṣẹ́jú 10, ká sinmi díẹ̀, ká tún ṣe é. Ká gbé omi mímu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká má fipá da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ká máa wo bó ṣe ń mí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bingo ti jí ẹja màmá àgbà jẹ. Bí a ṣe mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá nìyẹn.

Tó bá jẹ́ oyin ló ta Bingo ni, nǹkan kan wà tí a ì bá kọ́kọ́ ṣe. Agbọ́n lè ta èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó sì gbé ẹ̀gún rẹ̀ lọ. Oyin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún oyin ní ìkọ́, ó máa ń há sára ẹni tó ta ni, òun àti àpò oró tó so mọ́ ọn, oyin náà á sì kú. Àpò yẹn á ṣì máa fún oró wọ ara lẹ́yìn tí oyin ti lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, èyí tó pọ̀ jù nínú oró náà á ti wọlé. Torí náà, ẹ yára yọ ọ́. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ká má fi ìka fún un, pé ká fi káàdì ha á. Ní 1996, Visscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n rí i pé bí a ṣe yọ ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Bí a ṣe tètè yọ ọ́ tó ló ṣe pàtàkì. Bí káàdì bá wà lọ́wọ́, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, èékánná yín ti tó. Ẹ má wọlé lọ wá káàdì ATM.

Nísinsìnyí, ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ kọjá yìnyín? Àwọn ajá kan wà tí ara wọn kò gba oró yìí rárá. Ẹyọ oyin kan lè dá wọn wó. Láàárín ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tàbí kó máa yàgbẹ́ gbuuru lójijì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e mọ́. Èémí rẹ̀ á máa dún. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ wo ẹran tó so mọ́ ìdí eyín rẹ̀: bó bá ti funfun, tí kò pọ́n mọ́, ẹ̀jẹ̀ kò lọ bó ṣe yẹ nìyẹn. Ẹ má dúró wo èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Abẹ́rẹ́ adrenaline, omi dírípù àti atẹ́gùn ni ajá bẹ́ẹ̀ nílò, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló sì wà. Bákan náà ni bó bá jẹ́ inú ọ̀fun ni wọ́n ti ta á, nítorí ìwúsí lè dí ọ̀nà èémí pa.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí Ìkòròdú.

Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú lóde òní mọ̀ pé lápá Ìgbógbó, lápá Ìmọ́tà, lápá Odógunyàn, ilé ń wọ inú igbó lójoojúmọ́. Bí a bá gé igi tí oyin ń gbé, oyin kò ní torí ìyẹn kúrò láyé. Inú ilé àkọ́kù ló máa kó lọ, tàbí inú ihò búlọ́ọ̀kù, tàbí abẹ́ òrùlé wa. Oyin tiwa níhìn-ín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii, kì í ṣe ọ̀lẹ bó bá dọ̀rọ̀ ká dáàbò bo ilé. Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn oyin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní apààyàn, àbí? Ẹ̀jẹ̀ oyin Áfíríkà ló wà lára wọn. Ní 1956, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Warwick Kerr kó oyin láti Áfíríkà lọ sí Brazil. Ní 1957, díẹ̀ nínú wọn sá lọ, wọ́n bá oyin tó wà níbẹ̀ bímọ, àwọn ọmọ wọn sì ń tàn kálẹ̀ títí wọ́n fi dé Texas ní 1990. Ìbátan oyin tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín nìyẹn.

Lẹ́yìn fẹ́ǹsì tiwa, inú ilé àkọ́kù kan ni wọ́n wà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Aládùúgbò mi, màmá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, ní ajá ńlá kan tó ń jẹ́ Jack. Lọ́sàn-án, wọ́n á fi ṣéènì so Jack mọ́ òpó táǹkì omi ní ẹ̀yìnkùlé, kó má baà máa lé àwọn oníbàárà. Lálẹ́, wọ́n á tú u kó máa ṣọ́ ilé. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sí ìkà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó oyin náà. Wọn kò wọ aṣọ àwọn tó ń sin oyin, wọn kò sì mú ohun èlò kankan dání. Táyà ni wọ́n dáná sun lábẹ́ ògiri ọ̀hún. Oyin tú jáde. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọdé sá wọlé. Àwọn adìyẹ pàápàá wá ibi sá sí. Jack nìkan ni kò lè sá.

Níbo lèmi wà? Inú yàrá mi, mo ti fèrèsé, íápíìsì wà létí mi, mò ń ka ètò wa sórí ẹ̀rọ. Mo gbọ́ tí Jack ń gbó. Ajá tó máa ń gbó ni. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo pòṣé, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, gbígbó náà di igbe. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn pé ó dákẹ́.

Nígbà tí mo jáde, mo rí i pé ó ti sáré yí òpó náà ká títí ṣéènì fi tán. Ó kù bí ẹsẹ̀ bàtà kan péré láàárín ọrùn rẹ̀ àti òpó. Ọkùnrin kan ládùúgbò fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara rẹ̀, ó gbé korobá omi ọṣẹ dání, ó dà á sára Jack kí àwọn oyin tó lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ lè kú, ó já ṣéènì, a sì wọ́ ọ wọlé. A yọ ẹ̀gún títí ọwọ́ wa fi ń gbọ̀n. A kò lè kà wọ́n tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, Jack dìde. Ó mu omi. Ó ju ìrù. Gbogbo wa ní, “Ọlọ́run ṣeun.” Kò sẹ́ni tó sọ pé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èmi tí mo ní nọ́ńbà dókítà lórí fóònù, n kò pè é. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìtọ̀ tí Jack tọ̀ pọ́n dúdú bí omi sóbò. Ìgbà yẹn ni mo tó pe ọ̀rẹ́ mi. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ká gbé e wá kíá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta ni kò gbà láti gbé ajá. Ọ̀sán ti pọ́n gan-an ká tó dé ilé ìwòsàn ẹranko. Wọ́n fà á sí omi, wọ́n sapá. Jack kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Bí oyin bá ta ajá lọ́pọ̀ ìgbà, kò di dandan kí oró náà pa á lọ́jọ́ náà. Oró yẹn ń fọ́ àwọn pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ba iṣan jẹ́, ìdọ̀tí ohun tó fọ́ yẹn á lọ dí kíndìnrín. Ìdí tí ìtọ̀ fi ń pọ́n nìyẹn. Ìdíwọ̀n kan wà tí àwọn dókítà máa ń lò: bí oyin bá ta ajá tó nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méjì, ìyẹn 20, fún kílò kan lára rẹ̀, ikú ti sún mọ́ ọn. Fún ajá kílò 15, 300 nìyẹn. Fún àwọn ajá kéékèèké onírun púpọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé kiri báyìí, tí wọn kò ju kílò 6 lọ, 120 ti tó. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ náà sì lè sọ ajá di aláìsàn gidi. Ó ní ká ní a gbé Jack wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n tètè fà á sí omi, ó ṣeé ṣe kó yè. Kò sọ pé yóò yè. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ń dùn mí jù.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ lónìí rèé.

Èkíní, ẹ lọ wo ibi tí ẹ so ajá yín mọ́. Lónìí. Ẹ wo òkè ibẹ̀, ẹ wo abẹ́ òrùlé, ẹ wo igi, ẹ wo ògiri ẹni kejì. Bí oyin tàbí agbọ́n bá wà nítòsí, ẹ gbé ajá kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ààyè tó ní ilẹ̀kùn rọ́pò ṣéènì, kí ó sì ní igun tó bò, tí ajá lè sá sí. Ajá tí kò ní ìdè lọ́rùn mọ bá a ṣe ń sá. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní.

Èkejì, oyin tó kàn rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lójijì, tí kò tí ì ní afárá, ìrìn-àjò ló sábà máa ń wà. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ kó ọmọ àti ajá jìnnà sí i. Ó lè má ju ọjọ́ mélòó kan lọ kó tó kúrò. Èyí tó ti ní afárá àti ọmọ nínú ògiri lẹ máa ránṣẹ́ pe àwọn tó ń sin oyin sí, àwọn tó ní aṣọ àti èéfín tó tọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun táyà tàbí da bẹntiróòlù sí wọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ náà, kí gbogbo ilé tó yí ibẹ̀ ká kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n tú ẹran wọn.

Ẹ̀kẹta, bí oyin bá ya bo ajá, ẹ má pa wọ́n mọ́ ọn lára pẹ̀lú ọwọ́. Ibi tí oyin bá ta máa ń mú òórùn kan jáde tó dà bí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, òórùn yẹn ló ń pe àwọn yòókù. Ẹ bo ara yín kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹ gbé ajá wọ ibi tó ní ilẹ̀kùn. Ẹ da omi ọṣẹ sí èyí tó bá tẹ̀lé e wọlé, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ sí i lójú. Ẹ yọ ẹ̀gún, kí ẹ sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ẹ̀kẹrin, ajá tí oyin púpọ̀ ta, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó sùn sí, bó tilẹ̀ ń ju ìrù. Ẹ máa wo ìtọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wá nọ́ńbà dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Kí ẹ sì bá oníkẹ̀kẹ́ kan tó mọ̀ yín sọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé ó lè di ọjọ́ kan tí ẹ máa bẹ̀ ẹ́ kó gbé ajá yín. Láti Àgbówà tàbí Ìtòìkín, ọ̀nà jìn síbi tí èèyàn ti lè rí dókítà. Ọjọ́ tí ajá ń kú kọ́ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ oníkẹ̀kẹ́.

Kí n tó dákẹ́. Ètò tí mò ń ka sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹ ti gbọ́ ọ. Ó mọ́ tónítóní. Ohùn Jack wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo bó ṣe gbó títí dórí igbe, mo sì fọwọ́ ara mi gé e kúrò bí ẹni gé ariwo. Èyí tí mo gé yẹn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. N kò tí ì lè pa á rẹ́.

Màmá ẹlẹ́ja ti ní ajá mìíràn báyìí, ọmọ kékeré kan. Wọ́n ti fi pákó àti wáyà kọ́ ààyè kan fún un lápá iwájú ilé. Ṣéènì Jack ṣì wà lára òpó táǹkì, ó ti ń dípàtá.

Bí ajá yín bá ń gbó bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ yọ íápíìsì, kẹ́ ẹ jáde lọ wò ó. Màá dúró. Ó dàbọ̀ o.